Àwo Orin Kọ́ńtìrì Tí Bàbá Dúpẹ́ Yá Mi

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Láti ìgbà tí ẹ ti jẹun tán ni mo ti ń wò yín. Ó tó orin mẹ́wàá tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò jẹ́ kí ẹyọ kan parí. Olórin ò tíì la ẹnu tán tí ẹ ti fi àtàǹpàkò tì í kọjá. Inú ń bí mi, mi ò ní tàn yín. Kì í ṣe pé orin yín ò dára. Bí ẹ ṣe ń ṣe é bíi pé kò sí ohun tó lè ṣe é ló ń dùn mí. Nígbà tiwa, orin ní ara. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn kó fọ́, oòrùn lè pa á, bó bá sì ti bàjẹ́, kò sí ibi tí o fẹ́ tẹ̀ kó tún jáde. Èmi tí ẹ ń wò yìí, orin kan bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìlọrin ni. Àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, 1990 ń wọlé bọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ẹ mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé ìgboro. Akọ̀wé ni mí, mo gba yàrá kan ní Ṣàngó, mo ní alùpùpù kan tó máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Monday, mo sì ní rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo fẹ́ràn bí ojú. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ orin tí à ń gbọ́. Orin kọ́ńtìrì ni, orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń gun ẹṣin, tó ń da màlúù, tí ìyàwó wọn ń kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ṣáá. Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ará Ọ̀mù-Àrán níbẹ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba GRA kọjá lọ́sàn-án Sunday, tí àwọn èèyàn ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ojú wíńdò kan sí òmíràn ni ẹ ó ti máa gbọ́ gìtá. Ìrẹsì wà lórí iná, ọ̀gá ilé ti bọ́ kóòtù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀, ó ti di ojú, ó ń mi orí. Tíṣà ni o, nọ́ọ̀sì ni o, akọ̀wé àgbà ni o, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ. Bí ìpè ìrun Áyílà bá dún láti ìhà ìgboro, ìpè náà àti gìtá á jọ wọ ara wọn, kò sì sí ẹni tó bínú sí ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Sunday ṣe máa ń rí létí mi títí di òní.

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ohùn kan wà tí ẹ̀yin ò gbọ́ rí. Abẹ́rẹ́ á bà lé àwo, á máa ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí epo ń gbóná. Gbogbo pálọ̀ á dákẹ́. Ẹni tó ń jẹun á dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀yin ò ní sùúrù fún irú ìyẹn.

Bàbá Dúpẹ́ ló ni àwo tí mò ń sọ. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ìjọba, GRA ló ń gbé, ó sì ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìntì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí ìlú mìíràn, ó ku Dúpẹ́ nìkan tó ń ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Dúpẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Ó dúdú, ó níwà pẹ̀lẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó sọ ọ́ nìyẹn. Nǹkan bí ọdún kan ni mo fi ń lọ sílé wọn lọ́jọ́ Sunday, tí mò ń jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ iléèwé níwájú bàbá rẹ̀.

Àwo náà, ọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀ dúdú ló wà lójú páálí rẹ̀, ó fi ara ti ọgbà, ẹṣin wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ti fi bírò kọ orúkọ sí igun páálí lókè. Ohùn olórin náà wà nísàlẹ̀ débi pé àwọn ife tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù máa ń gbọ̀n. Ohùn Bàbá náà wà nísàlẹ̀, ó máa ń bá a kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, o ò sì ní mọ èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ló rà á.

Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Bàbá á kọ́kọ́ fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ. Á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo náà mú, kò ní jẹ́ kí ìka kan ojú rẹ̀. Á wá mú aṣọ àrán kékeré kan, á fi nù ún yípo, jẹ́jẹ́, bíi pé ojú ọmọ tuntun ló ń nù. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ní kó yá òun fún ọjọ́ kan péré, ó ní rárá. Ó ní bí àwọn èèyàn ṣe ń di àwo mú lòun fi ń mọ̀ wọ́n.

Ẹ wá wo bí ẹnu ṣe yà mí lọ́jọ́ Sunday kan tí a dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán, tí a ní kí àwọn èèyàn mi wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà. Mo ti dìde pé kí n máa lọ. Bàbá ní, "Ṣé o fẹ́ràn àwo yìí?"

Mo ní, "Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, sà."

"O ní rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì?"

"Mo ní i, sà."

Ó gbé àwo náà bọ inú páálí, ó nà án sí mi. "Gbé e lọ. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ẹ bá ń bọ̀, kí o gbé e bọ̀, a ó jọ gbọ́ ọ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Dúpẹ́ sìn mí dé gẹ́ètì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí Bàbá ṣe yẹn?"

"Wọ́n yá mi láwo."

"Wọ́n ti fún ọ lọ́mọ ni. Bó ṣe lọ yẹn ni kó ṣe padà o. Mo bẹ̀ ọ́."

Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ilé tí mò ń gbé ní Ṣàngó, olè ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń gbé àwo náà lọ síbi iṣẹ́, mo ń gbé e bọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní láti lọ sí Ọ̀mù-Àrán láti fi ọjọ́ tó àwọn èèyàn mi létí. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bàbá Sàlíù ní Ọ̀fà Garage, kó gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fún mi kíákíá.

Bàbá Sàlíù ni gbogbo wa ń gbé àwo lọ bá nígbà náà. Ọmọ Ìlọrin gan-an ni, ilé alùfáà ló ti jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kéwú, òun ló ya ìdí orin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí àwo kún dé àjà. O gbé àwo lọ, o gbé kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní nǹkan kan nínú lọ, á so ẹ̀rọ méjì pọ̀, á gba orin náà bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì jọ jókòó gbọ́ ọ títí á fi parí, nítorí kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ. Oṣù ààwẹ̀ ni lọ́dún yẹn, òun àti ọdún Àjíǹde ló wọ inú ara wọn. Mo bá a lórí àga, ètè rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti mú iná lọ.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, Bùrọ̀dá. Bí wọ́n bá ti mú iná dé, mà á ṣe é. Kó tó di Àlàásárì, ìnṣá Àláhù, ó ti parí."

Èmi? Kí n fi àwo Bàbá Dúpẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀fà Garage? Mo ní rárá. Mo gbé e dání, mo wọ mọ́tò Ọ̀mù-Àrán.

A pọ̀ nínú mọ́tò náà. Obìnrin kan gbé agbọ̀n adìẹ sórí ẹsẹ̀, ọkùnrin kan ń sùn lé mi léjìká. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á jókòó lé àwo náà, mo bá gbé e sórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ìjókòó, lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án. Mo tún fi aṣọ ìnujú mi bò ó. Mo jókòó padà, inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Àjàṣẹ́-Ìpo ni táyà bẹ́. A sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Awakọ̀ ń wá táyà mìíràn, kò rí. Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi jókòó níbẹ̀ tí à ń jẹ máńgòrò, tí oòrùn oṣù náà ń jó gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò lójúkojú. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Èmi tí mo ń ṣọ́ olè, n kò ṣọ́ oòrùn.

Mo dé ilé, mo fa àwo náà yọ. Etí rẹ̀ kan ti gbé sókè, èkejì ti wọlẹ̀, bíi fìlà abetí ajá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi ń pè mí láti ìta pé kí n wá jẹun, mo gbé àwo náà padà sínú páálí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, inú rẹ̀ dùn, ó gbàdúrà fún mi.

Monday, mo sáré kúrò níbi iṣẹ́ lọ bá Bàbá Sàlíù. Ó wo àwo náà, ó wò mí.

"Wàlláhì, Bùrọ̀dá, mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀ ni."

"Súbúhánálláhì!"

Ó gbìyànjú. Ó fi àwo náà sáàárín gíláàsì lúfà mẹ́rin tó yọ lójú wíńdò, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ó gbé ọmọ ọlọ lé e, ó gbé gbogbo rẹ̀ sí oòrùn. Oòrùn tó tẹ̀ ẹ́ náà la fẹ́ kó tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó gbé e sínú ilé kó tutù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́. Inú mi dùn, mo fẹ́ dì mọ́ Bàbá Sàlíù. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ bà lé e, ó sì yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ láti etí dé àárín. Ooru ti pa ojú ọ̀nà orin náà dé. Gbogbo ohun tí a gbọ́ kò ju ohùn kíkùn lọ.

Bàbá Sàlíù pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ bó ṣe wà yìí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Àmánà ni, wọ́n ní kí ẹ bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Ẹ kò jí i, ẹ kò tà á. Wọ́n á bínú, á sì tán."

Mo ní, "Wọn ò ní fún mi lọ́mọ mọ́."

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni mo gbé ojú sókè, mo sì rí i lórí pẹpẹ òkè pátápátá: ọkùnrin alákẹtẹ̀ dúdú, ó fi ara ti ọgbà, ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀. Àwo kan náà.

"Ìyẹn kì í ṣe títà," ni Bàbá Sàlíù wí. "Ti ara mi ni."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbéra lọ sílé, mo gbé rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì mi wá, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ rẹ́díò. Mo ní kó gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n kò ní lè gba àwo náà. Ó wá ní, "Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀ o. Bí mo bá fún yín, ṣé ẹ ó sọ fún wọn pé tiwọn ti bàjẹ́, pé èyí lẹ fi rọ́pò ẹ̀?"

"Mà á sọ."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí, Bàbá."

Lásìkò tí mo ṣe é, mo rò pé mà á mú un ṣẹ. Ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, mo gbé àwo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Àwọ̀ kan náà, ìwé kan náà ní àárín. Mo gbé ti Bàbá Sàlíù bọ inú páálí Bàbá Dúpẹ́, níbi tí Bàbá kọ orúkọ sí. Mo ti èyí tó bàjẹ́ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Mo yí ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ padà kí n má bàa kọjá lójú Bàbá Sàlíù. Wednesday, Dúpẹ́ yà sí ọ́fíìsì mi nígbà tó dé láti iléèwé, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó bi mí, "Ṣé àwo Bàbá wà dáadáa?" Mo ní, "Ó wà dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Sunday wá pé. Bàbá Kékeré àti ìyá mi dé láti Ọ̀mù-Àrán, wọ́n múra, wọ́n gbé iṣu àti èso lọ́wọ́. A kó wọ pálọ̀ Bàbá Dúpẹ́. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bèèrè ará ilé lọ́wọ́ ara wọn. Mo gbé àwo náà sórí itan mi. Bàbá wá kọjú sí mi.

"Níbo ni àwo mi wà?"

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo la ẹnu. Ìyá mi ń wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín, mo bá pa ẹnu dé.

"O ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wọlé lọ fọ ọwọ́. Ó padà, ó fa àwo náà yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di etí rẹ̀ mú, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò. Ó mú aṣọ àrán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún yípo, jẹ́jẹ́, kò kánjú. Ó ní fún Bàbá Kékeré pé, "Ojú kìíní ni mo máa ń gbé fún àlejò. Ẹ̀yin ti di ará ilé lónìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ojú kejì." Lóòótọ́, láti ọdún kan tí mo ti ń wá, n kò gbọ́ ojú kejì rí. Bí ojú kìíní bá ti parí, oúnjẹ ló kàn.

Abẹ́rẹ́ bà lé e. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde, àwọn ife gbọ̀n. Orin kìíní lọ, kò sí nǹkan kan. Orin kejì lọ. Bàbá Kékeré, tí kò gbọ́ òyìnbó, ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń yin ọkùnrin náà pé ohùn rẹ̀ ní agbára. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Mo tilẹ̀ wo Dúpẹ́ tó gbé àtẹ ife omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín sí i.

Orin kẹta dé àárín, Bàbá sì dìde. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó na ìka kan sókè abẹ́rẹ́, ó dúró. Mo rí i pé Dúpẹ́ náà ti gbé àtẹ kalẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára bàbá rẹ̀. Olórin ń kọrin lọ. Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́, ó parí ìlà náà, ó bọ́ sí ìlà mìíràn, geere. Bàbá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ lókè abẹ́rẹ́ lófìfo. Kò gbé e kúrò títí orin náà fi parí.

Ó wá gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ó yí padà, ó wò mí.

"Àwo ta nìyí?"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi ti wà lórí eékún mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: mọ́tò, oòrùn, gíláàsì lúfà, Bàbá Sàlíù. Bàbá Kékeré ni Bàbá Dúpẹ́ kọjú sí, òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́ ló ha tèmi. Dúpẹ́ ṣì kéré, ìyá ẹ̀ gbé e dání, ó ń bá a jó, ìdí ẹ̀ gbá ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì ha àwo. Mo pariwo mọ́ ọn lójú àlejò títí ó fi sunkún. Láti ìgbà náà, bí orin bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọkùnrin yẹn á máa tún sọ, á máa tún sọ, títí ẹnì kan á fi lọ gbé abẹ́rẹ́ síwájú. Ìyá Dúpẹ́ ló máa ń dìde. Láti ìgbà tó ti kú, èmi ni mò ń dìde. Mo máa ń dìde fún un."

Ó wá yíjú sí mi.

"Ká ní o gbé e wá bó ṣe tẹ̀ yẹn, mo máa bínú. Mo lè lé ọ jáde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mà á ní kí wọ́n lọ pè ọ́. Ṣùgbọ́n o jókòó síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí, mo ń fi aṣọ nù ún."

Bàbá Kékeré dìde, ó ká agbádá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí òun fi ọjọ́ orí jù lọ. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí ohun tó dùn mí tó ìyẹn. Bàbá sáré gbé e dìde. Ó ní kò sí ìjà, ṣùgbọ́n a ò ní sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n lọ gbé àwo òun wá.

Mo gun alùpùpù lọ sí Ṣàngó, mo fa àwo náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e padà. Ó gbà á, ó gbé e bọ inú páálí rẹ̀. Ó na èkejì sí mi, ó ní kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn èèyàn mi kò jẹun, wọ́n kọjú sí ilé. Ìyá mi fi ìborùn bo ojú títí a fi dé Ọ̀fà Garage.

Níbẹ̀ náà ni mo ti yà lọ́dọ̀ Bàbá Sàlíù. Mo gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó gbé rẹ́díò mi jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó sọ ni, "Ẹ ò sọ fún wọn."

Ó tó oṣù méjì kí Bàbá Dúpẹ́ tó ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a nínú pálọ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ó ti tán nínú mi. Mo ti di àgbà, mi ò lè máa gbé irú ẹ̀ kiri. Dúpẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, lọ bá a sọ̀rọ̀." Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ fò. Mo gba ilé ìdáná kọjá, mo ti ń ro ọjọ́ tí a ó tún dá.

Dúpẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Kò dìde. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní Bàbá ti dárí jì mí. Ó ní òun mọ̀. Ó ti bírò rẹ̀ dé, ó fi sáàárín ìwé.

Ó ní, "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ Wednesday yẹn, o ní ó wà dáadáa. O wo ojú mi. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo ní, "Dúpẹ́, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé."

"Bàbá kò mọ̀ títí orin fi dé ibẹ̀," ló wí. "Bó o bá tún parọ́ fún mi, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀?"

Mo ṣì ń wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn títí dòní. Ó gbé ìwé mìíràn, ó ń máàkì lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Mo dìde, mo bá ọ̀nà tí mo gbà wá padà.

Ẹ ń wo ara yín, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè. Rárá, kì í ṣe òun ni ìyá àgbà yín tó ń sùn nínú yàrá yẹn. Ẹlòmíràn ló fẹ́ Dúpẹ́, mo gbọ́ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ìyá àgbà yín, ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sílé wọn, wọ́n gbé omi fún mi lórí àtẹ. Mo gbé e sílẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, láti orí táyà tó bẹ́ títí dé orí ìbéèrè Dúpẹ́, kí n tó mu omi náà.